Ẹ má tíì sáré lọ kóòtù

Bí ọmọ yín láti Iléṣà bá wà lẹ́wọ̀n ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń fìyà jẹ ẹ́, òfin ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n ti 1996 ní kó kọ́kọ́ gbé ẹ̀sùn gba gbogbo ọ̀nà ìfẹ̀sùn ti àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kó tó pẹjọ́. Kó bá òṣìṣẹ́ ọgbà sọ ọ́ ná, lórí fọ́ọ̀mù BP-8. BP-9, fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn gan-an, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọgbà láàárín ọjọ́ 20 tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ọjọ́ tí BP-8 jẹ wà nínú 20 yẹn! BP-10, ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá àgbà agbègbè, ọjọ́ 20 sí ìgbà tí ọ̀gá ọgbà fọwọ́ sí èsì. BP-11, ẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn sí agbẹjọ́rò àgbà àjọ náà, ọjọ́ 30 sí ìgbà tí ọ̀gá agbègbè fọwọ́ sí èsì tirẹ̀. Kódà bó jẹ́ owó nìkan ló ń wá, kó ṣì kọ àwọn fọ́ọ̀mù yìí. Bí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù dù ú, kó kọ ọjọ́, aago àti orúkọ òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀.