Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Dísìkì àti Páàdì Bíréèkì Iwájú Land Cruiser 80

Ẹni tó bá ti pààrọ̀ dísìkì ọkọ̀ kékeré rí a máa rò pé bákan náà ni yóò rí lára Land Cruiser 80, èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1990. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, bí kálípà (irin tó di páàdì mú) bá ti kúrò, ọwọ́ la fi ń fa dísìkì yọ. Lára ọkọ̀ yìí, ẹ̀yìn họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí a ń de táyà mọ́, ni wọ́n fi bóòtù de dísìkì mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ láìtú bíárínì. Iṣẹ́ bíárínì ni iṣẹ́ yìí jẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i tí àwọn mẹkáníìkì ń ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́.

Yálà Ladipo l'Ékòó lẹ ti ń rajà ni o, tàbí Àràrómi ní Gate n'Íbàdàn, dísìkì tuntun ni kí ẹ rà, ti ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ra tòkunbọ̀, bó ti wù kó dán tó, àfi bí ẹ bá ní irin tí a fi ń wọn sísanra rẹ̀, tí ẹ sì fi wé ìwọ̀n tí wọ́n kọ síwájú MIN TH (sísanra tí kò gbọdọ̀ dín sí) lára rẹ̀. Ẹ ra páàdì, síìlì ẹ̀yìn họ́ọ̀bù, wáṣà pẹlẹbẹ tí a ń tẹ etí rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì fílánjì (irin tó so ọ̀pá áàsù mọ́ họ́ọ̀bù) àti gíríìsì bíárínì mọ́ ọn.

Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ jáàkì iwájú, kí ẹ gbé áàsù lé irin ìdúró, kí ẹ sì yọ táyà. Bí irin ìdúró kò bá sí, ìtì igi líle tí a gé pẹrẹsẹ lójú méjèèjì lè dípò rẹ̀; búlọ́ọ̀kù kò ṣe é lò, nítorí ó máa ń fọ́ lójijì. Ẹ kọ́kọ́ fa ọ́ìlì díẹ̀ kúrò nínú agolo bíréèkì, torí pé yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ bí ẹ bá ti písítìn padà, ó sì máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ fa píìnì yọ, ẹ fi páàdì àtijọ́ ti písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ tú bóòtù méjèèjì tó di kálípà mú, kí ẹ sì fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ sípírín, nítorí rọ́bà ọ́ìlì kò gbọdọ̀ ru ẹrù kálípà. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku páàdì. Àkísà tí a rì sínú omi ọṣẹ ni kí ẹ fi nù ún.

Bí ẹ bá ti ṣí ìdérí, tí ẹ sì yọ òrùka orí ọ̀pá áàsù, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà lórí fílánjì, wáṣà ṣóńṣó sì há gádígádí sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú nọ́ọ̀tì dé etí, ẹ má yọ ọ́ tán, kí eyín bóòtù má baà bàjẹ́, kí ẹ wá gbé ọ̀pá idẹ lé e lórí, kí ẹ sì fi òòlù lù ú títí wáṣà yóò fi fò jáde. Gígé idẹ tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù ni mo ń lò, ó sì tó.

Bí fílánjì bá ti jáde, nọ́ọ̀tì ńlá méjì ló kù, 54 mílímítà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ṣísẹ́ẹ̀lì sí wọn. Ẹni tó bá fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbá nọ́ọ̀tì yìí kò lè mọ bó ṣe le tó nígbà tó bá ń dè é padà, irin tó bá sì bù kúrò lára rẹ̀ inú bíárínì ni yóò bọ́ sí. Bí ẹ kò bá rí sókẹ́ẹ̀tì 54 rà, wẹ́dà lè fi páìpù tó nípọn ṣe é. Ẹ fọwọ́ gbá bíárínì ìta mú bí họ́ọ̀bù bá ti ń bọ̀ jáde, kí ó má bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Kí dísìkì tuntun tó wọlé, ẹ fi sáńdípépà ha ojú họ́ọ̀bù títí ìpẹtà yóò fi tán pátápátá, nítorí ìpẹtà tín-ín-rín níbẹ̀ yóò mú kí pédàlì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Mo ti rí họ́ọ̀bù kan tí wọ́n fi agídí dè. Nígbà tí a tú u, gíríìsì rẹ̀ ti jóná, bíárínì sì ti pa àwọ̀ dà bí ọrùn ẹyẹlé. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ki gíríìsì tuntun sínú bíárínì, tí síìlì tuntun sì ti wọlé, ẹ de nọ́ọ̀tì inú dé 59 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de nọ́ọ̀tì, tí sípánà olóṣùwọ̀n ń fi hàn), ẹ yí họ́ọ̀bù síwá-sẹ́yìn dáadáa, ẹ tún un dè, kí ẹ wá tú u títí ọwọ́ lásán yóò fi lè yí i, kí ẹ sì fún un padà díẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń gbé ẹja kọ́ bóòtù táyà kan, kí ẹ fà á: láàárín kílò 3 sí kílò 5 àti ààbọ̀ ló yẹ kí họ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ fi wáṣà tuntun sí i, ẹ de nọ́ọ̀tì ìta dé 64 Nm, kí ẹ sì tún un wọ̀n, nítorí nọ́ọ̀tì ìta a máa fún bíárínì sí i. Ìgbà tó bá pé ni kí ẹ tó tẹ etí wáṣà, ọ̀kan sínú, ọ̀kan síta.

Fílánjì padà sípò, bóòtù kálípà dé 123 Nm, páàdì wọlé. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ pédàlì léraléra títí yóò fi le, kí ẹ sì wo ọ́ìlì. Lójú ọ̀nà tó dá, ẹ ti orí 60 tẹ bíréèkì wálẹ̀ dé 15 nígbà mẹ́wàá láìdúró pátápátá. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 30, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ họ́ọ̀bù méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ gan-an, ẹ má tún wà á lọ síbì kankan títí ẹ óò fi tún un wọ̀n.