Láti Òṣogbo dé Àgbádárìgì: bí ẹ ṣe lè kó àwọn ọmọ lọ wo ojú ogun, odi àtijọ́ àti etí òkun

Ẹ má fi etí òkun bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Àgbádárìgì kò ní mọ ibi tí wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n fi dè wá. Ogun ilẹ̀ Yorùbá ló kó púpọ̀ nínú àwọn ẹrú náà débẹ̀. Òṣoògùn ni wọ́n ti mú Àjàyí Crowther ní 1821. Ní 1845, àlùfáà ni nígbà tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì.

Nílé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ní nǹkan bí 1840, Òṣogbo níbí ni ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ṣáájú, ti ṣẹ́gun Ìlọrin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi odindi ọjọ́ kan lọ síbi ogun Kírìjí (1877 sí 1886). Ìbàdàn dó sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ (àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó gbè wọ́n) dó sí Ìmẹ̀sí-Ilé, àárín méjèèjì ni wọ́n ti ń jà. Ìró ìbọn ńlá Èkìtìparapọ̀ ló fún ogun náà lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ yà sí ààfin kí wọ́n fún yín ní amọ̀nà, torí pé fóònù nìkan kò lè mú yín débẹ̀. Ilẹ̀ olókè ni: bàtà tó bo ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn. Òṣogbo ni kí ẹ padà wá sùn.

Eredo Sungbo ló kàn, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, òun ló sì yẹ kí ẹ fún láàyè jù. Yàrà àti odi ni, ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó ti ju 500 ọdún lọ. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ẹ lọ láàárín oṣù kejìlá sí ìkejì. Nígbà òjò, ewédò máa ń bo ara odi, ìsàlẹ̀ á di ẹrẹ̀, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ á wá gòkè tì. Ewé máa ń bo etí yàrà, ọmọ tó bá ń sáré lórí odi kò ní rí ibi tí ilẹ̀ ti já. Kí amọ̀nà ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá nítorí ejò, kí ọmọ kékeré wà láàárín àgbà méjì.

Ní Òkè-Ẹ̀rí, èèwọ̀ ni kí obìnrin wọ ibi ibojì Bilikisu Sungbo, obìnrin tí ìtàn sọ pé òun ló ní kí wọ́n mọ odi náà. Ẹ ti sọ fún àwọn ọmọbìnrin kí ẹ tó kúrò nílé, kó má bàa di ẹkún lẹ́nu ọ̀nà. Kí ìyá kó wọn lọ wo yàrà ní àkókò yẹn.

Ẹ sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ sì gbéra ní aago 5 ìdájí. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá yín ní Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ lo ọjọ́ náà ní ìgboro Àgbádárìgì: ọjà ẹrú Vlekete, àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 lè dúró síta níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ dúnàádúrà àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ẹ san ìdajì, kí ìyókù dúró dìgbà tó bá gbé yín padà. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi fún ọmọ kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kí ẹ fà á sókè díẹ̀. Bó bá gùn kọjá àgbọ̀n, ó tóbi jù, ọmọ á bọ́ nínú rẹ̀ bó bá já somi. Láti èbúté, iyanrìn ni ẹ ó máa rìn, yóò sì gbóná: omi lítà 1 fún ọmọ, 2 fún àgbà, fìlà, bàtà. Ẹ ó kọjá kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ti ń fún àwọn ẹrú lómi mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Omi tó ń padà láti etí iyanrìn máa ń wọ́ ènìyàn lọ sí agbami, àní níbi tí kò ju orúnkún lọ. Ẹni tí omi náà bá gbé kò gbọ́dọ̀ bá a jà: kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa tẹ̀lé etíkun títí ìfà náà yóò fi tú, kó tó kọjú sílẹ̀. Kí gbogbo yín ti wà nínú ọkọ̀ padà kí aago 2 ọ̀sán tó lù.