Bí a ṣe ń ṣètò ìdọ̀tí ilé kí ọkọ̀ akólẹ̀ tó dé ní Ìkòròdú

Ọkọ̀ akólẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu géètì ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ kan á bẹ́ sílẹ̀, á gbé dọ́sìbíìnì, á dà á sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á sì ti kọjá sí ilé kejì. Kò sí ẹni tí yóò dúró níbẹ̀ láti ṣa ike omi kúrò nínú ọbẹ̀ tí ó ti kan, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ wá ìgò fífọ́ nínú ohun tí a dì fún un. Ohun tí a kò bá ti yà sọ́tọ̀ nínú ilé ìdáná ti di pàǹtí nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi owó rà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí jẹ́ iṣẹ́ àwa tí a ń gbé inú ilé.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ilé-iṣẹ́ tí ó ń kó ilẹ̀ ní òpópónà yín. LAWMA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1977, ni ó ń pín àdúgbò fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí gbogbo wa mọ̀ sí PSP, àwọn PSP yìí ni wọ́n sì ń wá sí ẹnu ilé. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń kó ilẹ̀ ní Agric lè má jẹ́ èyí tí ó ń wá sí Ìgbógbó, nítorí náà ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tí ó ń gbé ní àdúgbò mìíràn. Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tàbí onílé tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ ni kí ẹ bi ní orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń wá, àti iye tí wọ́n ń gbà lórí ilé tàbí lórí fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ bi lándìlọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó kó ẹrù wọlé bóyá owó ìdọ̀tí wà nínú owó ilé, torí pé ìjà tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá sílẹ̀ láàrin ọgbà kan ṣoṣo kò kéré. Ẹ san owó náà sí ibi tí ìwé owó bá júwe, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má ṣe ka owó lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ọkọ̀.

Ní ti dọ́sìbíìnì, èyí tí ó ní ìdérí àti ẹsẹ̀ yíyí méjì, tí ó ń gba 240 lítà, ni ó rọrùn jù fún àwọn tí ń gbé e. Àwọn kan ń lo dúrọ́ọ̀mù onírin tí wọ́n gé sí méjì, ó sì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo kí a tó fi nǹkan kan sínú rẹ̀, etí rẹ̀ sì máa ń ge ènìyàn lọ́wọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ wá ìdérí fún un. Òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje tí ó máa ń rọ̀ sí wa lórí ní Ìkòròdú kì í jẹ́ kí dọ́sìbíìnì tí ó ṣí sílẹ̀ ṣeé gbé: omi á kún un, ìdin á gbà á, àwọn òṣìṣẹ́ á sì fi í sílẹ̀, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Orí ìpínyà nínú ilé ìdáná ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù lọ. Ẹ gbé nǹkan méjì síbẹ̀, ọ̀kan fún ohun tútù, èkejì fún ohun gbígbẹ. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé mọ́ínmọ́ín, egungun ẹja àti oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́ ń lọ sínú ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí a bá ti ro omi ara wọn dànù. Bí aládùúgbò yín bá ń sin ewúrẹ́, ẹ ya èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tí ó sì ní ilẹ̀ díẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará Ìmọ́tà àti Ìjẹ̀dẹ́ ti ní, lè gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó máa da èèpo àti ewé sínú rẹ̀, kí ó máa bu erùpẹ̀ lé e, títí yóò fi di ilẹ̀dú fún ẹ̀fọ́.

Ike omi, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, agolo, páálí àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni ó ń lọ sínú ti èkejì. Ẹ fi omi díẹ̀ ṣan ike àti agolo. Omi tí a fi fọ abọ́ tó fún un. Ẹ tẹ ike náà pẹrẹsẹ kí ó má baà gba àyè. Àwọn ènìyàn máa ń béèrè ìdí tí àwọn tí ń rà á fi ń sọ pé kí a ṣí ìdérí kúrò. Ìdí ni pé ìdérí àti ike fúnra rẹ̀ kì í ṣe irú ike kan náà. Nígbà tí wọ́n bá lọ̀ wọ́n tán ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì dà wọ́n sínú omi, èyí tí ó wá láti ara ìdérí á léfòó, ti ike omi á sì rì; bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n nìyẹn. Olùrà kan lè gba méjèèjì pọ̀, òmíràn lè kọ̀, nítorí náà ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ tà fún kí ẹ tó kó o jọ. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ní tirẹ̀, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sá a sóòrùn, nítorí kílò ni wọ́n fi ń rà á, kò sì sí olùrà tí yóò sanwó fún omi. Páálí tí òjò bá ti pa tàbí tí epo bá ti ràn kò níye lórí mọ́.

Ike omi kékeré tí ó tó 50 ni ó lè di kílò kan, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ ó di olówó nídìí rẹ̀. Ohun tí ó wù mí níbẹ̀ ni pé ìdọ̀tí tí ó kù fún ọkọ̀ akólẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tí ń wá gbà á lẹ́nu ilé, bíi Wecyclers tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù láti máa kó ike àti agolo lọ́dọ̀ àwọn ìdílé tí wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn. Abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, èyí tí ìjọba Èkó fòfin dè ní oṣù kìíní ọdún 2024, kò lọ́jà; inú pàǹtí lásán ni kí ẹ kó o sí.

Àwọn ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dé inú dọ́sìbíìnì bí ó ti wà. Eérú ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa nílé. A ti fi èédú yan ẹja lálẹ́, a rò pé ó ti kú, a sì dà á nù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ dọ́sìbíìnì ti yọ́, ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan sì ti bọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń bu omi sí eérú, tí a sì ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìgò fífọ́ ni kí ẹ fi páálí dì, kí ẹ so ó dáadáa. Abẹ́rẹ́ àti bíléèdì ni kí ẹ fi sínú ike líle tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì dé e pa. Bátìrì mọ́tò ní òjé àti ásíìdì nínú, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra ògbólógbòó bátìrì ni ibi tí ó yẹ ẹ́. Àwókù bíríkì àti ẹ̀ka igi kò sí nínú owó oṣooṣù. Ẹ bá PSP yín dúnàádúrà lọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀, ìdájí ni kí ẹ gbé dọ́sìbíìnì síta, kì í ṣe alẹ́ àná, nítorí ajá àti ewúrẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀rá tí a so dì di òwúrọ̀. Ẹ má gbé e sórí gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí ó kún débi pé ìdérí kò ní lè padé.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ kò wá, pàápàá ní àwọn òpópónà wa tí ó máa ń di ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, bí ó bá sì di lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ gbé àkọsílẹ̀ yín lọ bá LAWMA. Ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀ lágbára ju ariwo lọ. Bí ọ̀nà ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé, kí àwọn ilé tí ó wà ní òpópónà náà fẹnu kò lórí ibì kan lójú títì tí wọn yóò máa gbé dọ́sìbíìnì wọn lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e fún ọlọ́mọlanke tí ẹ kò mọ ibi tí yóò dà á sí, ẹ má sì ṣe dáná sun ún, torí èéfín ike àti ọ̀rá ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa. Èyí tí a bá sì dà sínú gọ́tà, àgbàrá ni yóò gbé e lọ sínú ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Báyékú ti ń fi àwọ̀n wọn kó ọ̀rá dípò ẹja.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti kọjá, ẹ má fi dọ́sìbíìnì sílẹ̀ síta di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi omi àti ìṣáàlì díẹ̀ ṣan inú rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú oòrùn kí ó gbẹ, kí ẹ tó dá ìdérí rẹ̀ padà.