Ẹ wọn imú tírélà kí ẹ tó gbéra

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ fẹ́ fi tírélà kékeré oníbùsùn lo òpin ọ̀sẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tí ẹ bá di ẹrù tán, ẹ fi òṣùwọ̀n tí ẹ máa ń gùn nílé wọn imú rẹ̀, ìyẹn irin iwájú tí ẹ fi ń so ó mọ́ mọ́tò, kí ẹ tó so ó. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà tòun tẹrù ló yẹ kó wà níbẹ̀: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1,500 pọ́n-ùn, 150 sí 225 ni. Bí imú bá fúyẹ́ jù, ìdí á máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún lórí títì márosẹ̀, ó sì lè gbé mọ́tò pọ̀ ṣubú.

Orí ilẹ̀ títẹ́ ni o. Ẹ fi igi há táyà níwájú lẹ́yìn, ẹ gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ ẹnu ìkọ́ tó wà ní orí imú, ẹ to pákó lé e títí yóò fi ga tó ìkọ́ mọ́tò, kí ẹ wá ká jáàkì tó gbé imú dúró sókè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kúrò nílẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́, kúlà àti agolo oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú táyà. Omi ló máa ń tan èèyàn jẹ jù: gálọ̀nù 20 ju 160 pọ́n-ùn lọ, ẹ̀yìn táyà sì ni táńkì àwọn míì wà, torí náà ẹ wọ̀n ọ́n tomitomi. Tírélà kékeré nìkan ni èyí wà fún. Imú ńlá á fọ́ òṣùwọ̀n ilé.