Ìrírí mi: Bí mo ṣe ṣètò àmì ẹ̀yẹ ààbò níbi ìfọ́kúta wa

Ìka náà ti dúdú kí n tó rí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe àlùwàlá nídìí táńkì omi, èmi sì ń kọjá lọ síbi tí Ìyá Olóúnjẹ ti ń din wàrà. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí bẹ́líìtì tú àkísà tó fi di ọwọ́ òsì rẹ̀ kó lè da omi sí i. Ìka àárín ti wú, èékánná rẹ̀ ti ṣí láti ìdí, ọyún sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀.

“Àbúrò, kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?”

Ó sáré dì í padà. “Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù ká gba ìrẹsì.”

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn sílẹ̀. Ibi tí mo ti ṣì í àti bí mo ṣe tún un ṣe ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ibi ìfọ́kúta pọ̀ ní Kwara, ẹlòmíràn sì lè máa gbèrò irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ wa wà lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán. Àpáta gíránáàtì la ń fọ́ fún àwọn tó ń ṣe títì àti àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n á fi ẹ̀rọ lu ihò sára àpáta, Bàbá Onídáínámáìtì á kó tirẹ̀ sínú ihò náà. Tó bá bú tán, kátápílà á kó òkúta lọ sẹ́nu kírọ́ṣà, kírọ́ṣà á rún un, bẹ́líìtì á gbé e lọ sórí òkìtì. Èèyàn 38 ni wá. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún nígbà tí mo jáde ní Pólì, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ ààbò kún un torí pé èmi ni mo máa ń bá wọn fa wàhálà lórí akoto àti bàtà.

Lọ́jọ́ kan, Aláàjì tó ni ilé iṣẹ́ pè mí. Ó ní, “Ọmọ mi, wá nǹkan tí a ó fi máa yẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ra sí. Mi ò fẹ́ gbé òkú ọmọ ẹnikẹ́ni lọ fún ìyá rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fi alẹ́ mélòó kan jókòó ti fóònù mi, mo ń ka bí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìwakùsà ṣe ń ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1925 ni àmì ẹ̀yẹ kan ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sentinels of Safety, bí ẹní sọ pé Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ààbò. Herbert Hoover ló dá a sílẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ mínísítà ètò ìṣòwò, kó tó di ààrẹ. Ẹnjiníà ìwakùsà ni òun fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ṣe wákàtí iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́dún, tí ẹnikẹ́ni kò sì fara pa débi tí kò fi lè wá síṣẹ́, ni wọ́n ń fún. Wọn kì í da gbogbo wọn pọ̀: àwọn tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ibi ìfọ́kúta bíi tiwa lọ́tọ̀. Kánádà náà ní tiwọn láti 1941, John T. Ryan Trophy. Ryan yìí wà lára àwọn méjì tó dá MSA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ààbò, sílẹ̀ ní 1914. Àwọn àti Thomas Edison ló jọ gbé iná orí akoto tó ń lo bátìrì jáde, kí awakùsà má baà máa gbé àtùpà tó ń jó wọ inú ihò tí gáàsì kún. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀, pé orúkọ ẹni tó wá nǹkan ṣe sí ewu ni wọ́n fi sórí àmì ẹ̀yẹ náà.

Níbẹ̀ náà ni mo ti rí ìṣirò tí wọ́n ń lò. Ẹ ka iye ìgbà tí èèyàn fara pa lọ́dún, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 200,000, kí ẹ wá fi iye wákàtí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe pín in. 200,000 yẹn ní ìdí: òun ni wákàtí tí 100 òṣìṣẹ́ máa ṣe bí kálukú bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kékeré àti ńlá ṣe lè dúró lórí òṣùwọ̀n kan náà. Tiwa, èèyàn 38, wákàtí 8 lóòjọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50, ó jẹ́ wákàtí 91,200. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fara pa lọ́dún, a di 2.19.

Mo wá mú un rọrùn. Mo gbé bọ́ọ̀dù kan kọ́ sẹ́nu géètì, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fara pa. Bó bá pé 180, kálukú á gba àpò ìrẹsì kan. Gbogbo èèyàn ló gbà á tayọ̀tayọ̀. Láàárọ̀, kí wọ́n tó kí mi, wọ́n á ti wo bọ́ọ̀dù. Ó dé 100, a pàtẹ́wọ́. Ó dé 150, Aláàjì ti ń bá oníìrẹsì sọ̀rọ̀. 169 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rí ìka yẹn.

Mo gbé ọmọ náà sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Òmù-Àrán. Dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí orí ìka náà ju kí òun gé e lọ. Mo dì í lọ́wọ́ kejì mú títí wọ́n fi ṣe é tán. Ó sọ fún mi pé òkúta ló há sábẹ́ bẹ́líìtì, òun na ọwọ́ láti yọ ọ́, róòlà sì gbá a mú. Ó ti di ọjọ́ 17 sẹ́yìn. Àwọn tó jọ wà níbẹ̀ mọ̀. Àwọn náà ló bá a wá àkísà.

Ọjọ́ 17 yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Òfin ọdún 2010 tó dá lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń bójú tó, sọ pé kí òṣìṣẹ́ jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá náà sì fi tó àjọ létí láàárín ọjọ́ 7. Àpò ìrẹsì kan ló jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ré ọjọ́ 14 kọjá. A ní láti kọ lẹ́tà, kí a ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́. Kò sí báwo ni mo ṣe lè kọ lẹ́tà yẹn tí mi ò ní dárúkọ bọ́ọ̀dù mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo pa 169 rẹ́, mo kọ òdo. Àwọn kan bínú sí ọmọ náà lójú mi, wọ́n ní ó ba tiwọn jẹ́. Nígbà náà ni mo tú bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìṣirò Hoover àti ti àwọn ará Kánádà burú. Àmọ́ nílé iṣẹ́ kékeré, tí gbogbo wa mọ ara wa, tí ìrẹsì wà níwájú, òdo ọjọ́ ọgbẹ́ kì í sọ pé kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹnu ló ń dí.

Mo wá bi ara mi léèrè pé ta ni wọ́n máa ń sọ òótọ́ fún. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe fóómàànù. Ìyá Olóúnjẹ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé iyàwó bí, pé owó ilé ìwé kò pé, pé ẹ̀yìn ń dun àwọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìwé kan máa wà lọ́dọ̀ òun. Kò mọ̀ ọ́n kọ, ó ní òun á máa fi sórí, nírọ̀lẹ́ bí mo bá wá jẹun, òun á máa rò ó fún mi. Ohun tí mo ní kí wọ́n máa sọ fún un kì í ṣe ọgbẹ́ nìkan. Ohunkóhun tó bá kù díẹ̀ kó pa èèyàn lára, kí wọ́n wí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àwọn fúnra wọn ti sọ ìwé náà ní Díẹ̀-ló-kù.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá Onídáínámáìtì ló tú ìdè. Òun ló dàgbà jù láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dìde, ó ní kí gbogbo wa gbọ́. Ó ní ó lọ́jọ́ kan tí ihò kan kò bú nínú gbogbo èyí tí òun tanná sí, òun kò sì kà wọ́n dáadáa. Ọjọ́ kejì ni àwọn olùlu-ihò gbé ẹ̀rọ wọn síbẹ̀. Òun rí wáyà pupa kan tó yọ orí láàárín òkúta wẹ́wẹ́, kò gùn ju ìka lọ, kò sì ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí ibi tí irin wọn fẹ́ balẹ̀. Òun pariwo. “Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà. Ojú ń tì mí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Láti ọjọ́ náà, a máa ń ka ihò kí ó tó tanná, a ó tún kà á lẹ́yìn rẹ̀, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń kà á.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Òkúta ńlá kan tó fì sókè ibi tí wọ́n ti ń lu ihò. Àtẹ̀gùn kírọ́ṣà tí irin rẹ̀ ti jẹrà. Èyí tó dùn mí jù lára wọn ni ti omi. Ó yẹ kí omi máa wọ́n sẹ́nu kírọ́ṣà kí eruku lè balẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi náà sì ti bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tó wí. Eruku gíránáàtì kì í ṣe eruku ọ̀nà oko. Èyí tó kúnná jù, tí ojú kò rí, ló ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń sọ ibẹ̀ di àpá, àpá náà kì í sì í jinná. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí èèyàn tó mọ̀. Aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ imú kò dá a dúró. Irú ìpalára báyìí kò lè hàn lórí bọ́ọ̀dù ọjọ́ kankan láé, torí kò sẹ́ni tó máa ṣubú lọ́jọ́ tó bá fà á símú.

Àwa mẹ́rin la ń jókòó pinnu ẹni tí a ó yẹ́ sí: fóómàànù, awakọ̀ típà kan, Ìyá Olóúnjẹ, àti èmi. Fóómàànù kọ́kọ́ ta kò mí. Ó ní wọ́n á máa purọ́ kí wọ́n lè gba ẹ̀bùn. Mo ní kí ẹni tó bá sọ nǹkan mú wa débẹ̀ kó fi hàn wá. Èyí tó gba àkókò wa jù ni bí a ṣe máa wọn ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí ewu náà ṣe tó, àmọ́ a rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí dáínámáìtì ni yóò máa gbà á lójoojúmọ́ ayé. A wá fi ohun tí ẹni náà pàdánù kún un nígbà tó sọ̀rọ̀. Mo sì fi òfin kan lé àwa ọ̀gá lórí: ohun tí wọ́n bá sọ, tí a kò tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ó ka orúkọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe sétí gbogbo èèyàn. Aláàjì gbà. Orúkọ tirẹ̀ ni a kọ́kọ́ kà, lórí ẹ̀rọ omi.

Owó ìrẹsì la fi ra ẹ̀bùn. Mo lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ ìdílé ahunṣọ kan, mo ní kí wọ́n bá mi hun aṣọ òkè tí a ó fi rán fìlà. Bàbá ahunṣọ bi mí pé ìgbéyàwó ta ni. Mo ṣàlàyé. Ó dá ọwọ́ dúró lórí òfì, ó ronú díẹ̀, ó wá mú òwú funfun, ó ta á sí àárín àwọ̀ ewé, ìlà kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó sọ òótọ́, ìlà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn.”

Awakọ̀ típà mìíràn ló kọ́kọ́ dé fìlà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé bíréèkì mọ́tò òun kò mú mọ́ bí òun bá ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè pẹ̀lú ẹrù. Ìrìn ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta tí mọ́tò náà fi wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kò rí kọ́bọ̀. Nísàlẹ̀ òkè yẹn gan-an ni Ìyá Olóúnjẹ ń dáná sí. Mámà náà ló fi fìlà dé e lórí, ó sì di orí ọmọ náà mú pẹ́ kó tó jù ú sílẹ̀. A san owó ọjọ́ mẹ́ta náà fún un níṣojú gbogbo wa.

Nígbà tí ọdún parí, mo ṣe ìṣirò. Èèyàn méjì fara pa, 4.39 ni a jẹ́. Aláàjì wo ìwé náà, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. “Ṣé ó ti wá burú sí i ni? Òdo lò ń sọ fún mi níjọ́sí.” Mo ní, “Aláàjì, òdo tí mo ń sọ fún yín, irọ́ ni. Àwọn méjì yìí, ọjọ́ tí wọ́n fara pa náà ni wọ́n wá sọ. Ìwé wọn ti wà lọ́dọ̀ NSITF kí ọ̀sẹ̀ tó yípo.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n tún lọ bá ahunṣọ náà, kó hun ti ọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ tó sọ orí ìka nù ṣì wà nídìí bẹ́líìtì. Orúkọ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìwé Díẹ̀-ló-kù lọ́dún yìí. Lánàá ó wá bá mi, ó fi ọwọ́ òsì yẹn tọ́ka sí irin tí a fi bo róòlà, ó ní ìdè kan ti ń yọ. A dá bẹ́líìtì dúró, a dì í, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.