Ọgọ́rùn-ún hóró, àádọ́ta ọjọ́

Àbúrò mi tó wà ní Houston ló fi ìgò oògùn ẹ̀fọ́rí kan ránṣẹ́ sí mi, ọgọ́rùn-ún hóró ló wà nínú rẹ̀. Mo rò pé màá lò ó di ọdún tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta ni ìgò fi ṣófo, ẹ̀fọ́rí sì wá ń dé lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn. Ó pẹ́ tí túúlu ti ń bá mi jà: apá òsì ni yóò ti máa lù kì-kì-kì, èébì yóò máa gbé mi, n kò ní lè wo iná. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti tẹrí ba sídìí máṣíìnì láti àárọ̀ ló ń dé, bí ẹni fi gèlè di orí pinpin. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Hóró kan ní míligíráàmù 250 páràsítámọ́lù, 250 aspirin àti 65 kaféènì. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ẹ má lò ju méjì lọ láàárín wákàtí 24. Mo pa á mọ́! N kò lo ẹ̀kẹta rí.

Àṣé òfin ọjọ́ nìkan ni mo mọ̀, n kò mọ ti oṣù. Dókítà bi mí pé, "Màmá, ọjọ́ mélòó lẹ ń lò ó lóṣù?" N kò lè sọ. Ó mú bírò: ọgọ́rùn-ún hóró, méjì-méjì, àádọ́ta ọjọ́ nìyẹn láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ní irú oògùn alápapọ̀ yìí kò gbọdọ̀ tó ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù. Bó bá ń tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fa ẹ̀fọ́rí. Ó ní kí n dá a dúró, ó sì fún mi ní òmíràn tí mò ń lò lálaalẹ́.

Dídá a dúró yìí gan-an ni iṣẹ́. Ọjọ́ kìíní rọrùn. Lọ́jọ́ kejì, mo fi aṣọ òfì bo fèrèsé, mo dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì nítorí pé ó tutù, mo bì títí omi kíkorò fi jáde. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife omi lọ́wọ́ kan, hóró kan lọ́wọ́ kejì: "Ìyá Tóbi, ẹyọ kan péré." Mo yí ojú sí ògiri. Lọ́jọ́ kẹrin, oníbàárà kan gbé obì wá, mo jẹ ààbọ̀, kò tó wákàtí kan tí orí fi fúyẹ́. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sídìí máṣíìnì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀fọ́rí padà wá tìbínú-tìbínú. Kaféènì inú oògùn yẹn wà nínú obì pẹ̀lú! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ìṣírò láti òdo. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n kó aṣọ ẹbí méjìlá kúrò lọ́wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jìyà kí ó tó dẹwọ́.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ tí ìgò yẹn dé ni mi ò bá ti gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo fi ń sàmì sí i báyìí, ọjọ́ kan tí mo bá lo oògùn, àmì kan. Ẹ máa wo ẹ̀yìn páálí oògùn ọ̀fìnkìn pẹ̀lú, torí páràsítámọ́lù máa ń wà níbẹ̀, ẹ ó sì lò ó pọ̀ mọ́ra láìmọ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tó ní aspirin, ẹ má sì fún ọmọdé. Bí ẹ̀fọ́rí bá sì ṣàdédé dé bí ààrá, tàbí tí ọrùn gan pẹ̀lú ibà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ.

Àbúrò mi tún fi ìgò mìíràn ránṣẹ́ ní oṣù Kẹta. Oṣù márùn-ún rèé, mo kà á láàárọ̀ yìí: hóró méjìlélọ́gọ́rin ló kù.