Àṣìṣe tí àwa tíṣà máa ń ṣe bí a bá fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ kalẹ̀ fún àgbà

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gbèrò láti fi kíláàsì sílẹ̀ bọ́ sídìí instructional design, ìyẹn iṣẹ́ àgbékalẹ̀ ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é bí mo ṣe ṣe é.

Ilé iṣẹ́ kan ní Odogunyan, níbí ní Ìkòròdú, ló kọ́kọ́ pè mí. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn lórí ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá wé ọṣẹ. Mo ṣe bí mo ti ń ṣe fún ọdún 11 ní kíláàsì: "Kí ni ẹ̀rọ?", oríṣi ẹ̀rọ, àǹfààní márùn-ún, àléébù mẹ́ta. Síláìdì 74! Bí mo ṣe parí, ìyá kan tó ti ń bá ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ kí n tó jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì bi mí pé: "Tíṣà, ẹ ṣeun o. Bí ọ̀rá bá há sínú rẹ̀ láago méjì òru, bọ́tìnnì wo ni ká kọ́kọ́ tẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Mi ò tíì fojú kan ẹ̀rọ náà rí.

Nílé ìwé, ìjọba ló ń fún wa ní scheme. Tiwa ni ká parí rẹ̀ kí táàmù tó tán. Níbi iṣẹ́ àgbà, ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ lè ṣe la máa kọ́kọ́ wá kiri. Lẹ́tà A tó ṣíwájú nínú ADDIE, ìlànà àgbékalẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní 1975, ìwádìí ló dúró fún. Òun gan-an la máa ń fò. Nígbà tí mo padà lọ dúró ti ìyá yẹn ní ṣíìfù alẹ́, ojú ìwé kan péré ni síláìdì 74 náà dà. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Alẹ́ yẹn náà ni mo rídìí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀gá wọn ti ní kí n kọ́ wọn láti máa wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n kúkú mọ̀ pé ó yẹ; ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí ìbọ̀wọ́ wà ló ti lọ sílé. Ẹ má gba owó ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

"Ṣó yé yín?" náà, ẹ fi sílẹ̀ ní kíláàsì. Àgbà wo ló máa sọ lójú ẹni tí òun lè bí lọ́mọ pé kò yé òun? Ẹ gbé iṣẹ́ fún wọn, kí ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Máàkì ìdánwò kò tó. Láti 1959 ni Donald Kirkpatrick, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ti là á kalẹ̀ pé kí á béèrè nǹkan mẹ́rin: ṣé ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ wọn, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣé wọ́n ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́, kí ló sì yí padà níbi iṣẹ́ náà? Ìkejì ni tíṣà máa ń dúró sí.

Ti Storyline, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ, àti ẹgbẹ́ rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ẹ má yáwó rà á. PowerPoint àti fóònù tó láti ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ kan tí ẹ lè fi han ẹni tó fẹ́ gbà yín. Ẹ wá ẹnì kan tó ń ṣe POS ní Sábó, kí ẹ ṣe ìtọ́sọ́nà kékeré fún un lórí bí a ṣe ń rí i dájú pé owó ti wọlé kí oníbàárà tó lọ. Ẹ jẹ́ kó fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan. Ibi tó bá ti pè yín lórí fóònù, ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ.